Ká tó tẹ nọ́ńbà yẹn

Mo mọ̀ pé mo jẹ yín ní gbèsè ọ̀rọ̀ látìgbà àwẹ̀. Ìwé ni mo dojú kọ. Súpáfáísọ̀ mi ò jẹ́ kí n gbérí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́kà lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mi ò lè gbé mì, torí ó kan gbogbo àwa tí a ní ilé níbì kan tí a fẹ́ tà, tàbí tí bàbá wa fi sílẹ̀ tí a máa tà lọ́jọ́ kan. Ó gùn o. Ẹni tó bá ń kánjú kó fi pamọ́ di alẹ́.

Ìyá àgbà kan wà ní Mẹ́kà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá mọ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìyá Àlájà la máa ń pè wọ́n. Bàbá wọn ló wá ṣe hájì láti Ìlọrin láyé àtijọ́ tí kò padà sílé mọ́, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn ilẹ̀ wa tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Takarna. Mẹ́kà ni wọ́n bí Ìyá sí, ọmọ Sàúdí ni wọ́n nínú ìwé, síbẹ̀ Yorùbá wọn jinlẹ̀ ju tèmi tí wọ́n bí ní Ìbàdàn lọ. Lẹ́yìn Jímọ̀, bí mo bá ti Jeddah wá kírun ní Háráámù, ilé wọn ni mo máa ń lọ jẹun. Wọ́n á ní, “Lárúbáwá ni mo fi ń nájà, ọmọ mi, Yorùbá ni mo fi ń ronú.”

Ìyá fẹ́ ta ilé. Alájà méjì ni, òkè ni wọ́n ń gbé, orúnkún wọn ò sì gbé àtẹ̀gùn mọ́. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Jeddah ti rí fúláàtì kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò jìnnà sí tirẹ̀. 820,000 ríyáàlì ni wọ́n ń pe fúláàtì náà. Ilé Mẹ́kà, 900,000 ni gbogbo èèyàn ń sọ pé ó máa mú wá. Ìyá ti ṣírò ẹ̀ lórí: 80,000 á ṣẹ́ kù, wọn á fi ra ibùsùn tuntun, wọn á ṣe sàráà, wọn á fi èyí tó kù sí báǹkì. Ìṣirò tó dára gan-an ni. Kò kàn rí bẹ́ẹ̀ ni.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí mo dé ibẹ̀, ọmọ-ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún kan báyìí, jókòó tì wọ́n pẹ̀lú fóònù Ìyá lọ́wọ́. Dílálì ti fi àdéhùn ránṣẹ́. (Àwa ń sọ pé ẹ́jẹ́ǹtì, àmọ́ dílálì ni Ìyá ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é, inú èdè Lárúbáwá sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.) Ohun tó kù ò ju kí Ìyá fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Sàúdí mọ Nafath, áàpù tí a fi ń wọ ojúlé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà kan á jáde níbì kan, ẹ óò tẹ irú ẹ̀ nínú áàpù, ó parí. Kò sí bírò, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí bàbá kankan tó máa wúkọ́ kó ní “ẹ jẹ́ ká tún un kà.” Ọmọ náà ní, “Mo ti wò ó, Ìyá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ kàn tẹ 47.”

Ìyá kò tẹ nǹkan kan. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n nà án sí mi. “Ìwọ tí o ń ka dókítà, kà á fún mi. Rọra kà á. Kó o sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá.”

Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Wákàtí méjì àbọ̀ la lò.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dáa níbẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má bàa rò pé gbájú-ẹ̀ ni dílálì náà. Rárá o. Ní Sàúdí, ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ nínú irú òwò yìí tẹ́lẹ̀: dílálì mẹ́rin á máa polówó ilé kan ṣoṣo ní iye mẹ́rin. Òfin tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 2022, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2023, ti yí ìyẹn padà. Dílálì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì tí wọ́n ń pè ní Fal, láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń mójú tó ilé àti ilẹ̀. Àdéhùn òun àti onílé gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kó sì wà nínú àkọsílẹ̀ àjọ yẹn. Ìpolówó ilé náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tiẹ̀. Bí àdéhùn kò bá sì dárúkọ iye ọjọ́, òfin fún un ní 90 ọjọ́ péré. Dílálì Ìyá ní gbogbo ẹ̀, nọ́ńbà Fal rẹ̀ wà lókè pátápátá. Àṣìṣe tí a máa ń ṣe ni pé bí ìwé bá ti ní òǹtẹ̀ ìjọba, a máa ń rò pé ìjọba ti bá wa kà á. Òfin ló sọ pé kí ìwé wà. Ohun tó wà nínú ìwé, àárín ìwọ àti dílálì nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo dé ibi owó tiẹ̀, mo rí ọ̀rọ̀ náà: sa'y. Mo dúró. Mo ní, “Ìyá, kí ni sa'y ń wá níbí?” Torí ibi kan ṣoṣo tí èmi ti mọ sa'y kò ju ìrìn ẹ̀ẹ̀méje láàárín Safa àti Marwa lọ. Ìyá rẹ́rìn-ín mi títí ojú wọn fi ṣomi. Odindi èmi, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà! Gbogbo Sàúdí ló ń pe owó dílálì ní sa'y: ó sáré fún ọ, o sanwó ìsáré. Òfin fi í sí 2.5%, àyàfi bí ẹ bá jọ kọ iye mìíràn sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí rí, títí kan lọ́yà tiwa nílé. Wọ́n ní: “Ìyá wa Hájárà sáré, omi sámúsámù sì yọ. Eléyìí, ìgbà wo ló fẹ́ gba owó? Ṣé tí omi bá yọ ni, àbí tó bá ti sáré tán?”

Mo padà sínú ìwé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé sa'y di gbèsè ní ọjọ́ tí olùrà bá ti gbà láti rà, tó sì ti san arbun. Arbun ni owó ìdúró, èyí tí olùrà fi ń sọ pé “ẹ má tà á fún ẹlòmíràn.” Bẹ́ẹ̀, ilé kì í kúrò lórúkọ rẹ lọ́jọ́ arbun. Ọjọ́ ifragh ló ń kúrò. Ọ̀rọ̀ yẹn wù mí: ifragh ni kéèyàn da ohun tó wà nínú nǹkan jáde kó fi ṣófo, bíi kí o da omi láti inú kèrègbè kan sí òmíràn. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ rẹ jáde nínú sakk, ìwé onílé, tí orúkọ olùrà wọlé. Láàárín arbun àti ifragh, ohun púpọ̀ lè ṣẹlẹ̀. Báǹkì lè ní àwọn ò yá olùrà lówó mọ́. Olùrà lè kú. Bí àdéhùn ṣe wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí báǹkì bá kọ̀, Ìyá ò ta ilé, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ dílálì ní 22,500.

Ìyá ní, “Kọ ìyẹn síbì kan.” Mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí gááńgan tí wọ́n fi kó dábínù.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ nítorí ẹ̀yin tí ẹ wà ní London. Irú ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́dọ̀ tiyín náà: “ready, willing and able purchaser.” Bí ẹ bá rí i nínú ìwé ẹ́jẹ́ǹtì, ohun tó ń sọ ni pé ẹ lè san owó fún olùrà tó múra tán láti rà, kódà bí títà náà kò bá wáyé. Láti ọdún 1991 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan níbẹ̀ pé ẹ́jẹ́ǹtì tó bá lo ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún onílé lórí ìwé, pẹ̀lú “sole agency” àti “sole selling rights.” Méjì ìkẹyìn yìí jọra bí ìbejì, wọn ò sì rí bákan náà. Nínú àkọ́kọ́, bí ìwọ fúnra rẹ bá rí olùrà, o ò jẹ ẹ́jẹ́ǹtì ní nǹkan kan. Nínú èkejì, kódà kó jẹ́ àbúrò rẹ ló ra ilé náà, ẹ́jẹ́ǹtì á gba tiẹ̀. Ẹ̀yin ará Houston, tiyín ni “exclusive agency” àti “exclusive right to sell.” Ìyàtọ̀ kan náà ni. Ọ̀rọ̀ “right” yẹn ni kí ẹ máa wá.

Ní Sàúdí, ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ni hasri. Mo rí i ní ìlà kẹta àdéhùn Ìyá, ọmọ náà sì ti kọjá lórí ẹ̀ torí lójú tiẹ̀, ohun tí hasri ń sọ ò ju pé “dílálì kan ṣoṣo la fún.” Bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ìwé ṣàlàyé pé fún ọdún kan gbáko, ẹnikẹ́ni tó bá ra ilé náà, láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan onílé fúnra ẹ̀, sa'y ti dílálì ni.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n na ìka sí ògiri. Aládùúgbò wọn, ní òdìkejì ògiri yẹn, ti ń sọ fún wọn láti ọdún mélòó kan pé bí Ìyá bá fẹ́ tà, kí òun kọ́kọ́ gbọ́, torí òun fẹ́ so ilé méjèèjì pọ̀ fún àwọn ọmọ òun. Ìyá ò tíì bá a sọ̀rọ̀ torí ojú ń tì wọ́n láti dárúkọ owó fún ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun. Wọ́n fẹ́ kí dílálì dárúkọ owó fún wọn. Ṣé ẹ rí i? Ìyá ti ní olùrà. Ọdún kan hasri yẹn ni wọn ì bá fi sanwó ìsáré fún ẹni tí kò sáré kọjá ògiri.

Níbí ni mo ti dákẹ́, tí Ìyá sì wojú mi. Wọ́n ní, “Kí ló dé?” Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni.

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé a ta ilé bàbá wa ní Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá lọ́hùn-ún. Jeddah ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń sáré gbogbo ẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n torí pé èmi ni “ọ̀mọ̀wé” ilé wa, wọ́n ní kí ẹ́jẹ́ǹtì fi àgírímẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n kà á, kí n fọwọ́ sí i, kí àwọn náà lè fọwọ́ sí i. Ojú ewé mẹ́rin. Mo wà nínú takisí, mo ń lọ sí ibi ìpàdé kan. Mo fi ìka fọwọ́ sí i lójú fóònù, mo dá a padà. Mo kọ ọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kà á, ó dáa.”

“Sole and exclusive” wà níbẹ̀. 10% wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó máa parí kò sí níbẹ̀ rárá. Oṣù méje kọjá, ẹ́jẹ́ǹtì ò mú ẹnikẹ́ni wá ju àwọn tó wá wo ilé bí ẹni wá wòran lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló rí olùrà níbi iṣẹ́ wọn, mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n náírà. A ń yọ̀. Àfi bí lẹ́tà lọ́yà ṣe dé: ẹ́jẹ́ǹtì fẹ́ mílíọ̀nù méjì ó lé ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀rù ba olùrà, ó ní òun ò ra ilé ẹjọ́, ó fẹ́ gba owó ẹ̀ padà. Kí ó má bàa lọ, a san ìdajì. Mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ ogún. Owó fèrèsé àti owó síílìnì ilé kékeré tí a ń kọ́ fún màmá wa nìyẹn. Màmá sun pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún oṣù mẹ́jọ sí i.

Nílé, a máa ń kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà, ká lè lé àwọn oníjìbìtì. Ó dáa. Ẹni tó ń ta ilé tí kì í ṣe tiẹ̀ la máa ń bẹ̀rù. A kì í bẹ̀rù ìwé tí àwa fúnra wa bá fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Mẹ́kà. Èyí tó kù nínú àdéhùn náà kò gbà wá lákòókò púpọ̀, àfi ọ̀rọ̀ safi. Bí ẹ bá ń ka ìpolówó ilé ní Sàúdí, ẹ óò máa rí ọ̀rọ̀ bíi sum àti hadd. Sum ni iye tí àwọn èèyàn ti dá lórí ilé. Hadd ni iye tí onílé kò ní gbà kó wálẹ̀ kọjá. Safi ni iye tó mọ́, tó wọ ọwọ́ onílé láìsí yíyọ kankan. Nínú àṣà ọjà, olùrà ló sábà máa ń fi sa'y lé owó ilé, ìdí nìyẹn tí Ìyá fi rò pé kò kan àwọn. Àmọ́ àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ kọ ọ́ pé onílé ló máa san án, ó sì kọ 900,000 láìsí safi lẹ́yìn ẹ̀.

Mo wá bi Ìyá nípa owó orí. Wọn ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí, torí ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ títà ilé pàdé, kò tíì sí. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2020 ni owó orí 5% ti wà lórí títà ilé àti ilẹ̀ ní Sàúdí, ọrùn ẹni tó ń tà ni òfin sì gbé e kà. 5% lórí 900,000 jẹ́ 45,000. Ẹ fi 22,500 ti sa'y kún un. Ohun tó máa kan Ìyá lọ́wọ́ ni 832,500. Wọ́n fẹ́ ra fúláàtì 820,000, wọ́n sì máa san sa'y lórí ìyẹn náà gẹ́gẹ́ bí olùrà: 20,500. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló máa dín. Ìyá wo ẹ̀yìn páálí náà pẹ́. Wọ́n ní, “Nítorí náà, orí àtẹ̀gùn ni mo ṣì máa wà.”

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn Jímọ̀, Ìyá fúnra wọn pe dílálì. Èmi kàn di páálí mú fún wọn. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo, wọ́n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyàwó ẹ̀ àti àwọn ọmọ, ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà wọ́n kà á sílẹ̀. Ó gbà pé kí ọdún kan di 90 ọjọ́. Ó gbà pé ọjọ́ ifragh ni sa'y máa di sísan. Ti aládùúgbò ló fa wàhálà: ó ní bí òun bá polówó ilé tí aládùúgbò wá tìtorí ìpolówó rà á ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọkùnrin náà náwó sórí iṣẹ́ ẹ̀. Ìyá ní kó fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí aládùúgbò bá rà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kò sí sa'y. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, sa'y wà. Ó gbà. Kí olùrà san sa'y nìkan ni kò gbà tààrà. Ó ní kí wọ́n kúkú kọ hadd tuntun, kí wọ́n kọ safi sí i. Wọ́n jọ ṣe é bẹ́ẹ̀. Bóyá ọjà á gbà á, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn kan á ti máa bi mí nínú kọ́mẹ́ǹtì pé ṣé àwa àjèjì náà lè ra ilé ní Mẹ́kà. Òfin ọdún 2000 kò gbà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Sàúdí, àfi nípa ogún. Òfin tuntun tí wọ́n gbà wọlé lọ́dún 2025, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù kìíní 2026, ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n Mẹ́kà àti Mọ̀dínà ní àwọn ìlànà tiwọn tó le. Ẹ má fi owó sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp nítorí ẹ̀, jàre.

Ọjọ́ Sátidé ni àdéhùn tuntun dé sórí fóònù. Ìyá tún ní kí n kà á látòkè délẹ̀, kódà ibi tí kò yí padà. Mo kà á. Nọ́ńbà tó jáde lọ́tẹ̀ yìí ni 16. Wọ́n ní bísímílà, wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n gbé àwo ìrẹsì lọ sí òdìkejì ògiri. Mi ò tíì gbọ́ ohun tí aládùúgbò sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí, bí ẹ ò tilẹ̀ ní tẹ “like.” Àgírímẹ́ǹtì yẹn, mi ò kà á. Mo sọ fún yín pé mo kà á. Nígbà tí lẹ́tà lọ́yà dé, ẹ̀yin ni ẹ ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá, pé ẹ̀yin lẹ mú ẹ́jẹ́ǹtì wálé, mo sì dákẹ́, mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Màá pè yín lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Ìṣáì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e, kí ẹ sì gbé fóònù fún màmá.